AR-RAZI: OLÙKỌ́ ÌṢÈGÙN TÍ Ó MÁA Ń SỌ̀RỌ̀ KẸ́YÌN

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi ìmọ̀ ta ọmọ ènìyàn lọ́rẹ. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún yín lóṣù yìí ti kú láti ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò parẹ́ lẹ́nu àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ar-Razi ni. Àwọn òyìnbó a máa pè é ní Rhazes.

Bí a bá dárúkọ rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń rántí ni pé ó kọ ìwé púpọ̀. Òótọ́ ni, ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn lónìí ni ọ̀nà tí ó gbà sọ ọmọ-ẹ̀kọ́ di dókítà. Kì í ṣe dókítà ojú nìkan, tàbí ti egungun nìkan, bí kò ṣe dókítà tí ẹnikẹ́ni lè tọ̀ wá pẹ̀lú àìsàn tí kò tíì lórúkọ. Aláìsàn kì í kọ orúkọ àrùn rẹ̀ síwájú orí. Yóò kàn wọlé, yóò ní ara òun gbóná, inú ń run òun, tàbí pé òun kò lè sùn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ jókòó tì í, tí ó bi í ní ìbéèrè, ni ẹ̀mí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn Ọlọ́hun. Báwo ni a ṣe ń kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn wà nínú ìgbésí ayé ar-Razi.

ÌBÍ RẸ̀ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Abu Bakr Muhammad bin Zakariyya. Ìlú Rayy nílẹ̀ Páṣíà ni wọ́n bí i sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ar-Razi, ìyẹn ará Rayy. Ìlú náà wà lẹ́bàá Tehran tí í ṣe olú-ìlú Iran lónìí. Al-Biruni, onímọ̀ ńlá tí ó to orúkọ àwọn ìwé ar-Razi lẹ́sẹẹsẹ, ni ó sọ fún wa pé ọjọ́ kìíní oṣù Ṣaabani ní ọdún 251 lẹ́yìn Híjírà ni wọ́n bí i. Èyí bọ́ sí ọdún 865 nínú kíka ọdún àwọn òyìnbó.

Kò fi ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ ayé. Àwọn òpìtàn sọ pé nígbà èwe rẹ̀, orin ni ó fẹ́ràn, ó sì mọ ohun-èlò olókùn tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní ud ta dáadáa. Nígbà tí ó dàgbà sí i, ó jáwọ́ nínú rẹ̀, ó sì gba ìdí iṣẹ́ kímíyà lọ, ìyẹn iṣẹ́ yíyọ́ irin àti pípo oríṣìíríṣìí nǹkan pọ̀ lórí iná, tí àwọn ènìyàn ìgbà náà fi ń wá bí irin lásán yóò ṣe di wúrà. Àwọn kan sọ pé èéfín iṣẹ́ yìí ni ó kọ́kọ́ pa á lójú.

Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí ó tó gbájú mọ́ ìṣègùn. Ìtàn kan tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ ni pé nígbà tí ó dé Baghdad, ó ya ilé ìwòsàn kan láti wò ó lásán. Ó bá bàbá àgbàlagbà kan tí ń po oògùn níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè: ta ni ó kọ́kọ́ mọ oògùn yìí, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Bàbá náà dá a lóhùn. Nígbà tí ó di ọjọ́ mìíràn, ó tún padà lọ, ó tún béèrè. Báyìí ni ìbéèrè ṣe fà á wọ inú iṣẹ́ tí ó fi gbogbo ìyókù ayé rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé ọjọ́ ti lọ fún yín, ẹ rántí èyí. Ẹni tí ayé ń pè ní ọ̀gá oníṣègùn lónìí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gba ọmọ-ẹ̀kọ́.

BÍ Ó ṢE DI ỌGÁ ILÉ ÌWÒSÀN

Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn. Wọ́n fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn ìlú rẹ̀, Rayy, lẹ́yìn náà ó ṣe olórí ilé ìwòsàn ní Baghdad, níbi tí àwọn Kálífà ìdílé Abbas ti ń jọba.

Ìtàn kan gbajúmọ̀ nípa èyí. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn tuntun ní Baghdad, wọ́n ní kí ar-Razi yan ibi tí ó dára. Ó ní kí wọ́n gbé ẹran tútù kọ́ sí àdúgbò káàkiri ìlú. Ibi tí ẹran náà ti pẹ́ jù kí ó tó rà ni ó ní kí wọ́n kọ́ ilé náà sí, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mọ́. Àwọn kan máa ń so ìtàn yìí mọ́ ilé ìwòsàn Adudi tí ó lókìkí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí nǹkan bí ọdún 981 ni wọ́n ṣí Adudi, ar-Razi sì ti kú nígbà náà. Bóyá ilé ìwòsàn mìíràn ni, bóyá àwọn ènìyàn kàn fi ìtàn náà yẹ́ ẹ sí ni. Ohun tí ó dájú ni pé irú ènìyàn tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí nìyẹn: ẹni tí kò ní sọ̀rọ̀ láìtíì fi ojú ara rẹ̀ rí i.

ÌJÓKÒÓ Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Níbí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Ibn an-Nadim, ará Baghdad tí ó ń ta ìwé, tí ó sì kọ ìwé rẹ̀ al-Fihrist ní nǹkan bí ọdún 987, fi ẹnu bàbá àgbàlagbà kan láti Rayy ròyìn bí ar-Razi ṣe máa ń kọ́ni. Ó ní ar-Razi jẹ́ bàbá olórí ńlá. Yóò jókòó, àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àgbà yóò jókòó síwájú rẹ̀. Àwọn tí àwọn wọ̀nyí ń kọ́ yóò jókòó síwájú tiwọn, àwọn mìíràn tí ó kéré sí ìyẹn yóò sì tún wà níwájú pátápátá, lápá ẹnu ọ̀nà.

Bí aláìsàn bá wọlé, kì í kọjá lọ bá ọ̀gá. Àwọn tí ó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé, àwọn náà ni yóò sì rojọ́ àìsàn rẹ̀ fún. Bí ìmọ̀ wọn bá ká a, ó parí síbẹ̀. Bí kò bá ká a, ó di ọ̀dọ̀ àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn. Bí àwọn yẹn náà bá rí i ṣe, ó dára. Bí gbogbo wọn bá ti sọ̀rọ̀ tán tí okùn ọ̀rọ̀ kò tíì délẹ̀, nígbà náà ni ar-Razi yóò tó la ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò yìí dáadáa.

Èkíní, ọmọ-ẹ̀kọ́ tí ó kéré jù lọ ni ó ń rí aláìsàn púpọ̀ jù lọ. Ibà, ikọ́, inú rírun, ọgbẹ́, gbogbo àìsàn ojoojúmọ́ ni ó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹni tí kò bá rí ibà ọgọ́rùn-ún ènìyàn, báwo ni yóò ṣe mọ ọ̀kan tí kò jọ ti àwọn yòókù?

Ìkejì, ọmọ-ẹ̀kọ́ kò lè sá sẹ́yìn ọ̀gá. Ó gbọ́dọ̀ ronú, kí ó sì sọ ohun tí ó rò níwájú àwọn tí ó mọ̀ jù ú lọ. Bí ó bá ṣì í, etí rẹ̀ yóò gbọ́ àtúnṣe lójú ẹsẹ̀, aláìsàn kò sì ní ti ipasẹ̀ àṣìṣe rẹ̀ lọ sí ọ̀run.

Ìkẹta, ọ̀gá ní àyè láti fi gbogbo ọkàn rẹ̀ sí àìsàn tí ó ta kókó.

Ẹ̀yin náà ẹ ó rí i pé ètò yìí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tí a ń fẹ́ lónìí. Ilé ìtọ́jú kékeré tí ó wà ládùúgbò ni ó yẹ kí aláìsàn kọ́kọ́ dé. Bí agbára wọn kò bá ká a, wọn yóò fi í ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá, ìyẹn náà yóò fi í ránṣẹ́ sí ọsibítù àwọn Yunifásítì. Lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo ni ar-Razi ti ṣe tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ilé ẹ̀kọ́.

ÌBÉÈRÈ TÍ Ó GBÀGBÉ

Láàrin àwọn àkọsílẹ̀ tí ar-Razi fi sílẹ̀, ọ̀kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà mọ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Abdullah bin Sawada ni ó wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ibà ni ó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ibà náà kò ní ojúlówó àkókò. Nígbà mìíràn a dé lójoojúmọ́, nígbà mìíràn a fo ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì, nígbà mìíràn ó di ọjọ́ kẹfà. Òtútù díẹ̀ a máa mú un, ó sì ń tọ̀ léraléra.

Ar-Razi ronú. Ọkùnrin náà ti máa ń ní oríṣìí ibà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ibà lásán kò sì jẹ́ ohun ìyanu lágbègbè náà. Ó ní nínú méjì, ọ̀kan ni: yálà ibà náà yóò yí padà di èyí tí ń dé ní ọjọ́ kẹrin-kẹrin, tàbí kí ó jẹ́ pé egbò wà nínú kíndìnrín. Kò pẹ́ sí i tí ọyún fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìtọ̀ ọkùnrin náà jáde. Kíndìnrín ni. Ar-Razi sọ fún un pé ibà náà kò ní padà wá mọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó sì rí. Ó fún un ní oògùn tí ń mú ìtọ̀ ṣàn títí ọyún fi tán, ara rẹ̀ sì dá.

Ẹlòmíràn ìbá fi ìtàn yìí yangàn. Ó kúkú ti dárúkọ kíndìnrín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ar-Razi ṣe nìyẹn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ìdí tí kò fi lè fọwọ́ sọ̀yà ní ọjọ́ kìíní. Ó ní ọkùnrin náà kò sọ fún òun pé bí òun bá dìde dúró, ó ń dà bí ẹni pé ẹrù wúwo kan so rọ̀ mọ́ òun níbàdí. Ó sì fi kún un pé òun alára ni òun gbàgbé láti béèrè.

Ẹ tún un kà, ẹ̀yin ará. Olórí ilé ìwòsàn, ẹni tí àwọn ọba ń ránṣẹ́ pè, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbàgbé ìbéèrè kan. Kò di ẹ̀bi ru aláìsàn. Kò sọ pé ọkùnrin náà kò mọ̀ ọ́n sọ. Iṣẹ́ dókítà ni láti béèrè, nítorí aláìsàn kò mọ èyí tí ó ṣe kókó nínú ohun tí ń ṣe é. Bí olùkọ́ bá lè jẹ́wọ́ báyìí, ọmọ-ẹ̀kọ́ kò ní bo àṣìṣe tirẹ̀ mọ́lẹ̀, àṣìṣe tí a kò bá sì bò mọ́lẹ̀ ni a lè rí àtúnṣe sí.

OHUN TÍ Ó RÍ NI Ó Ń KỌ

Láti inú ìṣe yìí ni ìwé rẹ̀ ti jáde. Bí ó bá ka ìwé àwọn àgbà, ìbáà ṣe ti Gíríìkì, ti Índíà tàbí ti Lárúbáwá, yóò kọ ohun tí wọ́n sọ nípa àìsàn kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí lára aláìsàn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àkójọpọ̀ àkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní al-Hawi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tún kó ìtàn àwọn aláìsàn rẹ̀ jọ sínú ìwé mìíràn, iye wọn sì tó ẹgbẹ̀rún ó dín ọgọ́rùn-ún.

Kò gba ọ̀rọ̀ àwọn àgbà gbọ́ láìwádìí. Galen, oníṣègùn Gíríìkì tí gbogbo ayé ń wárí fún nígbà náà, ni ó kà sí olùkọ́ rẹ̀ gan-an. Síbẹ̀ ó kọ odindi ìwé lórí àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ Galen ti kọ òun lójú, ó sì jẹ́ kí ó yé ènìyàn pé ìbọ̀wọ̀ fún olùkọ́ kò ní kí a gbé òtítọ́ tì. Nígbà kan tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá fífa ẹ̀jẹ̀ lára ń ṣe àǹfààní fún àìsàn orí kan tí ó jọ yírùnyírùn, ó fa ẹ̀jẹ̀ lára àwọn kan, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn kan sílẹ̀ láìfà á, kí ó lè fi àwọn méjèèjì wé ara wọn. Lónìí, a mọ̀ pé fífa ẹ̀jẹ̀ kò wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò pé kí a fi ẹgbẹ́ kan wé èkejì kí a tó gba oògùn gbọ́ ni gbogbo ìwádìí oògùn òde òní dúró lé.

Ìwé rẹ̀ tí ó kéré, tí ó sì lókìkí jù, ni èyí tí ó kọ lórí ìgbóná àti èèyi. Kí ó tó dé, ọ̀pọ̀ oníṣègùn kò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ar-Razi kọ àmì tí ènìyàn lè rí kí èéwo tó yọ lára. Ó ní ẹ̀yìn ríro pọ̀ nínú ìgbóná, imú a sì máa yún ni, ẹ̀rù a máa ba ọmọ lójú oorun. Ní ti èèyi, ìnira ọkàn àti èébì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ènìyàn lè rí pẹ̀lú ojú, tí ó sì lè gbọ́ nípa ìbéèrè ni gbogbo rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá tí àwọn bàbá wa kò ti jẹ́ dárúkọ ìgbóná láìfòyà, a mọ ohun tí àrùn náà fi ojú ènìyàn rí. Ìgbà tí ó di ọdún 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti kúrò láyé. Ọdún 1848 ni wọ́n tẹ ìwé ar-Razi yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì ní London, èyí tí ó fi hàn pé wọ́n ṣì ń rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ohun tí ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ọdún.

ÌWÉ FÚN AKẸ́KỌ̀Ọ́ ÀTI ÌWÉ FÚN TÁLÁKÀ

Al-Hawi tóbi jù fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ar-Razi kọ ìwé mìíràn, al-Mansuri, tí ó fi ta Mansur bin Ishaq, gómìnà Rayy, lọ́rẹ. Ìpín mẹ́wàá ni ìwé náà ní. Nínú ìpín kẹsàn-án, ó to àìsàn inú ara láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sọ àmì ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ìtọ́jú rẹ̀. Gerard ará Cremona túmọ̀ ìwé náà sí èdè Látìnì ní Toledo ní nǹkan bí ọ̀rúndún méjìlá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ìpín kẹsàn-án yìí ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ dókítà ní àwọn Yunifásítì ilẹ̀ Yúróòpù. Àní ní ọdún 1537, Vesalius, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó di ọ̀gá nínú ìmọ̀ ẹ̀yà ara lẹ́yìn náà, tún un kọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní dókítà nítòsí. Fún àwọn wọ̀nyí ni ó kọ ìwé tí àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí ìwé fún ẹni tí kò ní oníṣègùn lọ́dọ̀. Àwọn ènìyàn tún ń pè é ní ìṣègùn àwọn tálákà. Oúnjẹ àti oògùn tí ènìyàn lè rí lọ́jà, nílé ìdáná, tàbí ní àgọ́ àwọn ọmọ-ogun ni ó kún inú rẹ̀. Ar-Razi kò fi ìmọ̀ pamọ́ fún àwọn olówó nìkan.

ÌWÀ RẸ̀ SÍ ALÁÌSÀN

Bàbá àgbàlagbà tí ó ròyìn rẹ̀ fún Ibn an-Nadim sọ pé ọlọ́wọ́ fífúnni ni, pé ó láàánú aláìsàn àti tálákà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fún wọn ní owó ìjẹun, tí ó sì ń tọ́jú wọn fúnra rẹ̀. Ar-Razi kọ lẹ́tà sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí ìwà tí ó yẹ dókítà. Ó gbà á níyànjú pé kí ó pa àṣírí aláìsàn mọ́, kí ó ṣọ́ ojú rẹ̀ nígbà tí ó bá wọlé tọ obìnrin, kí ó má gbéra ga, kí ó tọ́jú tálákà bí ó ṣe ń tọ́jú ọlọ́rọ̀. Ó tún ní kí dókítà máa fún aláìsàn ní ìrètí ìwòsàn, bí òun alára kò tilẹ̀ ní ìdánilójú rẹ̀, nítorí ara a máa tẹ̀ lé ọkàn.

Ó tún ronú lórí ohun kan tí ń dun gbogbo dókítà: kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi máa ń fi oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́tàn? Ó kọ ìwé lórí rẹ̀, ó sì kọ òmíràn láti ṣàlàyé pé oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ jù pàápàá kò lè wo gbogbo àìsàn sàn. Ẹlẹ́tàn kì í sọ pé òun kò mọ̀. Dókítà tòótọ́ a máa sọ ọ́.

Ní ti bí a ó ṣe dán dókítà wò kí a tó gbé ẹ̀mí lé e lọ́wọ́, ó ní kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ka ìwé àwọn àgbà, kí a sì wo ohun tí ó ń fi àkókò rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a wò ó bóyá ó ti pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn. Ìwé láìsí aláìsàn kò tó, aláìsàn láìsí ìwé náà kò tó.

ÀRÍYÀNJIYÀN LÓRÍ RẸ̀

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ fún yín, ẹ̀yin ọ̀dọ́, pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ar-Razi ni àwọn Mùsùlùmí ìgbà rẹ̀ gbà. Ó máa ń sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ayé pẹ̀lú, àwọn kan sì sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípa àwọn ànábì kò tọ̀nà rárá. Abu Hatim ar-Razi, ará ìlú rẹ̀ kan náà, bá a jiyàn, ó sì kọ ìwé ta kò ó. Al-Biruni tí ó fẹ́ràn ìwé ìṣègùn rẹ̀ kò fara mọ́ èrò rẹ̀ lórí ẹ̀sìn. Síbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí kò ju ìmọ̀ ìṣègùn rẹ̀ nù. Wọ́n ya ọkà sọ́tọ̀ kúrò lára èèpo, wọ́n sì fi í wo aláìsàn wọn ní ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún.

OJÚ RẸ̀ ÀTI IKÚ RẸ̀

Nínú ìwé kékeré kan tí ó fi gbèjà ìgbé ayé rẹ̀, ar-Razi sọ pé láàrin ọdún kan ṣoṣo òun kọ ohun tí ó lé ní ọ̀kẹ́ kan ojú ewé, ìyẹn 20,000, pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní bí èyí tí a fi ń kọ tírà. Ọdún 15 ni ó fi ń ṣe ìwé ńlá rẹ̀ tọ̀sán-tòru, títí ojú rẹ̀ fi rẹ̀wẹ̀sì tí iṣan ọwọ́ rẹ̀ sì bàjẹ́. Kò tìtorí èyí simi. Ó ń bẹ àwọn ènìyàn láti máa kàwé sí òun létí, kí wọ́n sì máa bá òun kọ̀wé.

Nígbà tí ó yá, ó fọ́jú. Ìtàn sọ pé oníṣẹ́-abẹ kan wá láti bá a ṣí awọ tí ó bo ẹyin ojú rẹ̀. Ar-Razi bi í pé ìpele awọ mélòó ni ó wà nínú ojú. Ọkùnrin náà kò mọ̀ ọ́n. Ar-Razi ní ẹni tí kò mọ iye ìpele ojú kò ní fi irin kan ojú òun. Nígbà tí wọ́n tún rọ̀ ọ́, ó ní òun ti rí ayé tó. Àní nínú òkùnkùn ojú, kò dẹ́kun àtibéèrè.

Ó kú ní Rayy ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Ṣaabani ọdún 313 lẹ́yìn Híjírà, ìyẹn ọdún 925. Ẹni ọdún 62 àti ọjọ́ díẹ̀ ni, bí a bá fi oṣù ojú ọ̀run kà á.

LẸ́YÌN RẸ̀

Kò tíì parí al-Hawi nígbà tí ó kú. Àkọsílẹ̀ náà wà káàkiri lọ́wọ́ arábìnrin rẹ̀. Ibn al-Amid, gbajúmọ̀ mínísítà kan ní Rayy, fi owó púpọ̀ rà á lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó sì kó àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ ar-Razi jọ láti tò ó. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má gbàgbé pé bí kò bá ṣe ìtọ́jú tí arábìnrin rẹ̀ fún àwọn ìwé wọ̀nyí ni, bóyá iná tàbí ikán ni ìbá jẹ wọ́n. Ní ọdún 1279, Faraj bin Salim, ọmọ Júù ará Sicily, túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Látìnì fún ọba Charles ti Anjou. Ní ọdún 1486, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Brescia nílẹ̀ Ítálì.

Ọ̀rọ̀ pé kí a dán dókítà wò náà kò kú. Ní ọdún 931, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ikú ar-Razi, àṣìṣe oníṣègùn kan pa ènìyàn ní Baghdad. Kálífà al-Muqtadir pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo aláìsàn mọ́ àfi bí Sinan bin Thabit bá dán an wò. Àwọn tí wọ́n dán wò lé ní 860, láìka àwọn tí òkìkí wọn ti kàn tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

1. Kò pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ tí ó wúlò.

2. Iṣẹ́ dókítà tí ó kọ́kọ́ ń rí aláìsàn kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Ibẹ̀ ni ar-Razi fi àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí kí wọ́n lè di ọ̀gá. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, ẹ má fojú di ilé ìtọ́jú kékeré àdúgbò.

3. Olùkọ́ rere a máa jẹ́ kí ọmọ-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ ṣáájú, òun a sì wà níbẹ̀ láti tún un ṣe.

4. Kí a béèrè, kí a tún béèrè. Ìbéèrè kan tí a gbàgbé lè jẹ́ ẹ̀mí ènìyàn.

5. Ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ kò dínkù. Ẹgbẹ̀rún ọdún ti kọjá, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fi àìṣìṣe yangàn nígbà ayé ar-Razi ni a kò mọ orúkọ wọn mọ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbàgbé ni a ṣì ń sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lónìí.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣe àǹfààní, kí ó sì fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.